Ọjọ́ Méje ní Èkìtì: Eré, Alámọ̀ àti Afárá Igi

Ọjọ́ Ajé: Ìbàdàn sí Adó-Èkìtì

Oòrùn ti yọ kí bọ́ọ̀sì wa tó kúrò ní Ìbàdàn, nítorí pé ẹni tó ń lu ìyáàlù wa sùn gbàgbé, a sì ní láti lọ kan ilẹ̀kùn mọ́ ọn lórí kó tó jí. Àwa mẹ́sàn-án la wà nínú ọkọ̀: ọ̀dọ́ eléré méje, awakọ̀ wa, àti èmi tí iṣẹ́ mi kò ju kí n máa kọ ohun tí ojú mi bá rí sílẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú àwọn eléré náà jẹ́ ọmọ abúlé kan lẹ́bàá Ìkọ̀lé, òun ló sì mú ìpè wá pé àwọn ará ilé òun ń fẹ́ kí a wá bá àwọn ṣe ọdún iṣu tuntun, kí a sì ṣe eré kan lórí ọ̀rọ̀ afárá wọn tó ti dojú rú. N kò ní dárúkọ abúlé náà, nítorí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ṣì ń jí rí ara wọn lójoojúmọ́.

Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé pé ìpéjọ eré àti orin máa ń ran ìgbèríko lọ́wọ́ láti kojú ìṣòro tó díjú. Mo sì ti dé ibi tí wọ́n ti náwó sí irú ìpéjọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n pa àgọ́, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dé, tí ìlú jó títí tí eruku sọ, tí oníkálùkù sì gbé ìṣòro tó gbé wá padà sílé. Nítorí náà, n kò bá wọn lọ bí ẹni tó ti gbà gbọ́. Mo bá wọn lọ bí ẹni tó fẹ́ lọ wò ó.

Ọ̀nà Ifẹ̀ àti Iléṣà la gbà. Lẹ́yìn Ìtawúre ni àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí nínú ìkùukùu, tí ọ̀nà sì ń yí lọ yí bọ̀ bí ejò. Awakọ̀ wa kò jẹ́ kí a dúró ra àgbàdo sísun tí wọ́n ń pè wá sí. Ó ní òun kò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun lójú ọ̀nà, mi ò sì bá a jiyàn, torí kò sí ẹni tó ń rin apá Ìkọ̀lé tó ti gbàgbé ọjọ́ 29 oṣù Ṣẹẹrẹ 2024, nígbà tí àwọn agbébọn pa ọba aládé méjì, Onímọ̀jọ̀ àti Ẹlẹ́sùn, níbi tí wọ́n ti ń bọ̀ láti òde, tí wọ́n sì jí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé lọ́jọ́ kan náà ní ọ̀nà Ẹ̀mùré. Kí ẹni tó bá fẹ́ ka àkọsílẹ̀ yìí fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ìbẹ̀rù ọ̀nà ti gba alẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará oko. Eré òṣùpá tí bàbá wa ń ṣe títí di ọ̀gànjọ́ kò sí mọ́ níbi púpọ̀, ìpéjọ tó bá sì máa wáyé gbọ́dọ̀ tú ká kí aago mẹ́sàn-án tó lù.

A dé Adó kí oòrùn tó kan àtàrí. Oṣù Ògún ni, oṣù tí Ẹwì, ọba Adó, ń ṣe Ùdírókò, ọdún tí wọ́n fi ń wọ inú ọdún tuntun. Ẹni tí kò bá gbọ́ ẹ̀ka-èdè Èkìtì lè má mọ̀ pé "ìdí ìrókò" lásán ni orúkọ náà ń wí: abẹ́ igi tí ọba àti ìlú ti ń pàdé. Mo kọ ìyẹn sínú ìwé mi, mo sì sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Ìkẹ́rẹ́

Ìdí tí mo fi ní kí a kọ́kọ́ yà sí Ìkẹ́rẹ́ ni ilẹ̀kùn kan tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọlọ́wẹ̀, tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, tó sì ṣiṣẹ́ ní Ìsẹ̀ fún Arínjàlè, ọba ibẹ̀, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn náà fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, láàárín 1910 sí 1914. Ohun tó gbẹ́ sí i lára ni bí Ògògà ṣe gba aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lálejò nígbà tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilẹ̀ Èkìtì. Ọba jókòó gbọnyin pẹ̀lú adé lórí, olorì wà lẹ́yìn rẹ̀. Òyìnbó náà dé lórí ohun tí wọ́n fi gbé e, ó rọ̀gbọ̀kú bí ẹni tí ọ̀nà ti mú, àwọn tó ru ẹrù rẹ̀ sì tò tẹ̀lé e. Lọ́dún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá kan ní Wembley ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn aláṣẹ British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù, fẹ́ rà á, Ògògà kò tà. Nígbẹ̀yìn ó gbà kí wọ́n fi ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní Ìlú Òyìnbó pààrọ̀ rẹ̀. British Museum ló wà títí dòní. Ọlọ́wẹ̀ fúnra rẹ̀ kú ní 1938.

Mo sọ ìtàn yìí fún àwọn eléré wa lábẹ́ òkè Olósùnta, níbi tí a jókòó sí tí a ń jẹ ẹ̀bà. Mo ní kí wọ́n wo ohun tí agbẹ́gilére náà ṣe. Ìṣòro tó dé bá Ìkẹ́rẹ́ nígbà náà kò ní orúkọ. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ bóyá àlejò ni òyìnbó náà tàbí ẹni tó wá gba ilé. Ọlọ́wẹ̀ kò dá ẹjọ́. Ó kàn gbé àwọn méjèèjì kojú ara wọn lára ilẹ̀kùn tí gbogbo ẹni tó bá wọ ààfin gbọ́dọ̀ kọjá, ó jẹ́ kí ọba tóbi díẹ̀, kí àlejò kéré díẹ̀, kí ẹni tó ń wo ó sì máa bi ara rẹ̀ léèrè. Ọmọkùnrin tó ń lu ìyáàlù wa ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n pé eré tí àwọn ti fi oṣù kan múra rẹ̀ sílẹ̀ kò lè yí padà nítorí ilẹ̀kùn. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n ti fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láìrẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú: Ọ̀yẹ́ àti Ìrè

A gba Ìwòròkò àti Ìfàkì dé Ọ̀yẹ́. Láàárín 1947 sí 1954, ibí yìí ni àwọn àlùfáà Ìjọ Àgùdà méjì, Kevin Carroll àti Sean O'Mahony, kó àwọn agbẹ́gilére, àwọn ahunṣọ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn jọ sí. George Bandele, ọmọ Aréògún ará Ọ̀sì, wà lára wọn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Lamidi Fakeye tó wá láti Ìlá sì ti kọ́ṣẹ́ sí i. Mùsùlùmí ni Fakeye, iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbẹ́, ọgbọ́n ọwọ́ tí bàbá àwọn fi ń gbẹ́ ère òrìṣà ló sì fi ń gbẹ́ ẹ. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí pé àwọn àlùfáà náà kò kó àwòrán wá láti òkè òkun kí wọ́n ní "ẹ gbẹ́ eléyìí." Àwọn amòye tó lọ kí Jésù di ọba Yorùbá, wọ́n wọ agbádá, ẹnikẹ́ni kò sì ní láti túmọ̀ wọn fún ará Ọ̀yẹ́.

Láti ibẹ̀ a yà sí Ìrè, ìlú Ògún. A kò bá ọdún wọn, ṣùgbọ́n bàbá àgbà kan tó jókòó sí ìta sọ ìtàn tí gbogbo wa ti mọ̀, bí ẹni pé a kò gbọ́ ọ rí. Ògún ti ogun dé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó bá àwọn ènìyàn níbi àjọ kan tí èèwọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọhùn. Ó kí wọn, wọn ò dáhùn. Ó gbé akèrègbè ẹmu, òfìfo ni. Ó rò pé wọ́n ń fi òun ṣẹ̀sín, ó fa idà yọ, ó bẹ́ wọn lórí, ìgbà tó yé e tán ló wọlẹ̀ lọ. "Ẹmu ló yà mu níbẹ̀," ni bàbá náà fi parí rẹ̀ bí oríkì ti wí, ó sì wo àwọn eléré wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ, ibi tí ènìyàn bá ti dákẹ́ bá yín, ẹ má ṣe tètè bínú. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé àjọ kí ni."

Ọjọ́bọ̀: abúlé náà

Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ọ̀nà láti títì Ìkọ̀lé wọlé jẹ́ ilẹ̀ pupa tó ń yọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni gbogbo wa sì bọ́ sílẹ̀ ti ọkọ̀. Kò sí ẹni tó ní láti fi afárá náà hàn wá. Ìtì igi mẹ́ta ni wọ́n tò sórí odò, tí wọ́n fi wáyà so pọ̀. Ti àárín ti jẹrà débi pé ènìyàn lè fi ìka gbẹ́ ẹ. Bọ́ọ̀sì wa dúró ní òdìkejì, a sì ru ìlù àti aṣọ eré kọjá lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọdún mẹ́jọ lọ gba ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì sáré kọjá lórí igi náà láìwo ẹsẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń gba ibẹ̀ lọ sí ilé-ìwé.

Ọlọ́jà, bí wọ́n ṣe ń pe olórí abúlé níbẹ̀, gbà wá dáadáa. Iyán iṣu tuntun ni wọ́n fi kí wa káàbọ̀, iyán Èkìtì tí kì í ní kókó. Lẹ́yìn oúnjẹ ni mo gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ní bí ọdún méjì sẹ́yìn, ilé kọ̀ọ̀kan dá owó, àwọn ọmọ abúlé tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn náà fi ránṣẹ́, wọ́n kó o fún akápò kí wọ́n fi ra ohun èlò. Láti ìgbà náà, kò sí afárá, kò sì sí owó. Ìpàdé àkọ́kọ́ tí wọ́n pè lórí rẹ̀ di ìjà, èkejì di èébú, ẹ̀kẹta kò pé. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹni tó tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ la ṣe eré wa. Ó yẹ kí n sọ bó ṣe rí, nítorí pé mo wà níbi tí wọ́n ti kọ ọ́, n kò sì rí àléébù rẹ̀. Nínú eré náà, abúlé kan dá owó afárá, akápò jí owó náà kó, ọdẹ kan ká a mọ́ ibi tó ti ń sin owó sí abẹ́ kòkó, ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ìlú dárí jì í, wọ́n kọ́ afárá, gbogbo wọn sì jó. Ẹni tó ṣe akápò mọ eré ṣe. Ikùn ńlá tó fi aṣọ dì máa ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín ní Ìbàdàn. Níbí, àwọn ọmọdé nìkan ló rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà dákẹ́ kalẹ̀. Mo wo ibi tí ojú wọn ń sá fún, mo sì rí ọkùnrin kan ní iwájú, tó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, tó ń wo ilẹ̀. Kò sí ẹni tó ní láti sọ fún mi pé akápò nìyẹn.

Nígbà tí eré parí, wọ́n pàtẹ́wọ́ bí ọmọlúwàbí, wọ́n ní a kú iṣẹ́. Àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fọn fèrè, gbogbo ènìyàn sì wọlé. Bàbá kan tó fà sẹ́yìn gbá ọmọkùnrin tó kọ eré náà léjìká, ó ní: "Eré yín dára, ọmọ mi. Àbí ẹ ò rí i pé ẹ ti gún iyán náà, ẹ sì ti bá wa jẹ ẹ́ tán? Kí ló wá kù fún wa láti ṣe?"

Ọjọ́ Ẹtì: abúlé náà

Inú àwọn eléré kò dùn. Aṣíwájú wọn, obìnrin tó kọ́ ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, pè wá jọ sí ẹ̀yìn ilé Ọlọ́jà lówùúrọ̀. Ó ní ohun tó ṣe wá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Ní Botswana, lọ́dún 1974, àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré, orin àti ọmọláńgidi lọ sí àwọn abúlé ní agbègbè Bokalaka, wọ́n pè é ní Laedza Batanani; ará abúlé á wòran, wọ́n á sì jókòó jíròrò. Ìgbésẹ̀ náà tàn dé ibòmíràn ní Áfíríkà, Zaria náà sì ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn tó ṣe é fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ohun tí eré ń wí sábà máa ń jẹ́ ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti rò tẹ́lẹ̀ fún ará oko, pé ẹ sọ oko yín di mímọ́, ẹ gbẹ́ ṣáláńgá, láì bi wọ́n ìdí tí wọn kò fi gbẹ́ ẹ. Ó tún sọ ti Kamiriithu ní Kẹ́ńyà, níbi tí àwọn ará abúlé àti òǹkọ̀wé Ngũgĩ wa Thiong'o ti fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ibi ìṣeré, tí wọ́n sì ṣe eré ní èdè Gikuyu ní 1977. Ìyẹn wọ àwọn ènìyàn lára débi pé ìjọba fòfin dè é, wọ́n ti Ngũgĩ mọ́lé, nígbà tó sì di 1982, wọ́n wó ibi ìṣeré náà lulẹ̀.

"Tiwa kò tilẹ̀ bí ẹnikẹ́ni nínú tó bẹ́ẹ̀," ni onílù wa sọ.

"Ó bí ẹnì kan nínú," ni mo dá a lóhùn.

Ìpinnu tí a ṣe kò ju báyìí lọ: a kò ní ṣe eré kankan mọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọn yóò ṣe ọdún iṣu, àwọn ará abúlé ni yóò ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é, àwa yóò sì máa gbè, a ó máa lu ìlù níbi tí wọ́n bá ti ní ká lù. Ọlọ́jà fara mọ́ ọn. Ó tún béèrè ohun kan tí mi ò retí. Ó ní ṣé a lè lọ pe àwọn Ẹ̀bìrà wá, nítorí pé tí òun bá ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n á rò pé owó ilẹ̀ ni.

Bí ìrìn ogún ìṣẹ́jú ni ibùgbé àwọn Ẹ̀bìrà sí abúlé, nínú oko. Àwọn ló ń gbin iṣu tó pọ̀ jù lágbègbè náà, orí ìtì igi mẹ́ta yẹn ni wọ́n sì ń ru u gbà lọ sí ọjà. Àgbà wọn gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó ní kò sí ẹni tó pe àwọn sí ìpàdé afárá rí. Wọ́n ní àlejò ni àwọn, àlejò kì í sì í dá owó lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ó ní àwọn ń bọ̀ lọ́la, ṣùgbọ́n pé àwọn yóò mú ìlù ti àwọn wá.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ dáadáa, torí pé bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ìgbà tí ohun gidi ṣẹlẹ̀, ọ̀sán yìí ni n ó tọ́ka sí. Àwọn obìnrin jókòó lábẹ́ igi ọsàn, wọ́n ń bẹ iṣu tí wọ́n máa gún lọ́la. Iṣu tuntun máa ń yúnni lára, nítorí náà wọ́n fi epo pa ọwọ́ dé ìgúnpá. Yèyé tó ń dá orin alámọ̀, obìnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ ti há díẹ̀, kò bẹ iṣu. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń dá orin, àwọn tó ń bẹ iṣu ń gbè, ó sì ń dá wọn dúró bí ègbè bá ṣe bí ẹni pé ó yẹ̀. Orin àwọn obìnrin Èkìtì ni alámọ̀: wọ́n ń kọ ọ́ níbi ìyàwó, níbi òkú àgbà, níbi ọdún, ẹni tó bá ń dá a sì lè kì ènìyàn, ó sì lè bú u.

Aṣíwájú wa wà láàárín wọn, ó ń bẹ iṣu, kò sì yára. Àwọn obìnrin náà ń fi eré wa àná ṣe yẹ̀yẹ́, ikùn akápò pàápàá. Ẹ̀rín ń lọ. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan tó wà létí, tí kò tíì sọ̀rọ̀, gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó ní: "Ọkọ mi kò sin owó kankan sábẹ́ kòkó." Ìyàwó akápò ni. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Yèyé kò bi í ní nǹkan kan. Ó kàn tẹ̀ ẹ́ lápá, ó sún àpótí rẹ̀ mọ́ ọn, àwọn méjèèjì sì fi orí kan orí sọ̀rọ̀ pẹ́ títí tí iṣu tó kù fi tán. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: ọdún iṣu

Ìlù Ẹ̀bìrà la kọ́kọ́ gbọ́ láti òdìkejì odò. Wọ́n ń kọjá lórí igi lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iṣu lórí, onílù wa sì sáré lọ pàdé wọn, ó ń wá bí ìyáàlù rẹ̀ yóò ṣe bá tiwọn mu. Kò bá a mu fún bí ìdajì wákàtí. Nígbà tó bá a mu, àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ mọ̀.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ jíjẹ àti mímu fa àkọsílẹ̀ yìí gùn. Ní bí aago méje, àwọn ọdẹ ti wà ní ipò wọn, wọ́n tan iná jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo, Yèyé sì dìde. Ó kì Ọlọ́jà, ó kì àwọn òkú, ó kì àgbà Ẹ̀bìrà pẹ̀lú orúkọ tí ọkùnrin náà kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Lẹ́yìn náà ló yí ohùn padà. Ẹ̀ka-èdè Èkìtì ló fi kọ ọ́. Mo gbé e sí Yorùbá tí gbogbo wa ń kà:

Ewúrẹ́ jẹ ìwé owó, ẹ má tíì nà án o;
Ẹ bi í bóyá ebi ló pa á,
Ẹ bi í bóyá òjò ló kọ́kọ́ ba ìwé jẹ́.
Ewúrẹ́, fọhùn, ilé ara rẹ lo wà.

Àwọn obìnrin gbà á. Lẹ́ẹ̀kejì, àwọn ọkùnrin náà gbè é. Ó kọ ọ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹfà, tó ń rìn lọ rìn bọ̀, tí kò sì wo apá ibi tí akápò wà rárá. Àwọn àgbà ní ọba kì í pọ̀kọrin. Mo rò ó nínú ara mi bóyá ẹni tí wọ́n ń kọrin nípa rẹ̀ náà ní irú ààbò bẹ́ẹ̀, nítorí pé orin burúkú kan lè ba orúkọ ènìyàn jẹ́ ju ogún ìpàdé lọ. Ìyẹn ni mo ń rò lọ́wọ́ tí ọkùnrin náà fi dìde.

Kò sọ púpọ̀. Ó ní òjò ni. Ó ní òun ra sìmẹ́ǹtì, àpò mọ́kànlá, kí owó rẹ̀ tó tún wọ́n sí i, òun sì kó o sí abà oko nígbà tí òun ń dúró de ẹni tó máa fọ́ òkúta. Afẹ́fẹ́ ṣí òrùlé abà náà lóru ọjọ́ kan. Nígbà tí òun fi débẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti dì. Ó ní òun fẹ́ sọ ọ́ ní ìpàdé àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹnì kan kọ́kọ́ pariwo ni "olè, owó dà?", ẹnu òun sì wúwo. Láti ọjọ́ náà, bí òun bá ti fẹ́ sọ ọ́, á dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hùmọ̀ irọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin gbé tọ́ọ̀ṣì, wọ́n lọ wò ó lójú ẹsẹ̀, mo bá wọn lọ. Àpò mọ́kànlá náà wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, tí ó ti kó wọn wá láti oko láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Bébà ti bó kúrò lára wọn, ṣùgbọ́n òkúta náà ṣì mú àwòrán àpò: etí tí wọ́n rán, ibi tó tẹ̀ sí, kódà lára ọ̀kan, lẹ́tà ilé iṣẹ́ tó ṣe é hàn bí ẹni fi ìka kọ ọ́ sí amọ̀. Méjì nínú wọn ni ìyàwó rẹ̀ fi ṣe ìjókòó níbi tó ti ń dáná.

Nígbà tí a padà, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ẹni tó jẹ owó. Àgbà Ẹ̀bìrà ń sọ pé àwọn ọmọkùnrin òun yóò fọ́ òkúta láìgba owó, pé àwọn ló ń gba orí igi yẹn jù. Ẹnì kan ní wọ́n gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ nígbà náà. Ẹlòmíràn ní rárá. Ọlọ́jà ní yóò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n yan èèyàn mẹ́ta tí yóò máa di owó mú pọ̀, obìnrin kan wà nínú wọn. Wọ́n mú ọjọ́.

Kí n má purọ́: gbogbo rẹ̀ kọ́ ló yanjú. Agbègbè odò náà ti rọ̀ nítorí màlúù tó ń mu omi níbẹ̀ lóru, bí wọ́n bá sì kọ́ afárá láìtún etí odò ṣe, omi yóò gbé e. Láti 2016 ni òfin ti wà ní Èkìtì tó de fífi ẹran jẹ̀ káàkiri. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ òfin náà, kò sì sí darandaran kankan níbi ọdún iṣu tí ẹnikẹ́ni lè kọrin sí. Nígbà tí ọ̀dọ́ kan gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, olórí àwọn ọdẹ wo aago rẹ̀, ó ní ilẹ̀ ti ṣú, ó sì fọn fèrè.

Ọjọ́ Àìkú: ìpadàbọ̀

Yèyé wá kí wa kí ó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Aṣíwájú wa bi í bóyá ìyàwó akápò ló sọ ọ̀rọ̀ òjò fún un lọ́jọ́ Ẹtì, kí orin náà tó wà. Ó ní: "Ọmọ mi, iṣu là ń bẹ." Ó bá wa rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo rí i tó dúró níwájú ilé akápò, tó ń kì í ní oríkì ìdílé rẹ̀ láti ìta, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè gbọ́.

Ohùn Ẹ̀bìrà àti ti Èkìtì la gbọ́ létí odò nígbà tí a gbé ẹrù wa débẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti jí, wọ́n ti yí àpò sìmẹ́ǹtì tó dì náà láti ẹ̀yìn ilé wá, wọ́n ń tò ó sínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá igi, kí ẹni tó bá ń kọjá lè rí ibi tẹsẹ̀ mọ́ títí ọjọ́ iṣẹ́ yóò fi pé. Akápò wà láàárín wọn, ó ti ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ń tọ́ka ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbé dúró. Mo ka mẹ́sàn-án. Mo bi í léèrè méjì tó kù. Ó ní ìyàwó òun kò gbà, pé orí kí ni òun yóò máa jókòó sí dáná.

Onílù wa ló kọ́kọ́ kọjá, ó gbé ìyáàlù rẹ̀ sórí, ó ń tẹ àpò kan sí òmíràn. Ní ìkeje, ó dúró láàárín odò, ó bojú wẹ̀yìn, ó sì bi ọ̀kan nínú àwọn Ẹ̀bìrà léèrè bí wọ́n ṣe ń lu èyí tí kò bá tiwa mu lánàá.